Kí ni kí Gángan Wí?

 Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí mo ti kọ nǹkan síbí kẹ́yìn. Ìwé ìdánwò ni ó gba gbogbo àkókò mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń rò láti ìgbà ọyẹ́ tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ orin ni, n kò sì fẹ́ kí ó pẹ́ nínú mi jù báyìí lọ.

Mówè ni ilé mi wà. Ẹni tí ó bá mọ òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn yóò mọ̀ pé láti Ìbafò dé ọ̀dọ̀ wa, etí kì í sinmi. Orin ń jáde láti inú ọkọ̀ akérò, láti ìsọ̀ àwọn tí ń tún fóònù ṣe, láti ilé ọtí àti láti ilé ìjọsìn. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo wọ ọkọ̀ ní Ìbafò, mo ní kí n ka iye orin tí awakọ̀ yóò gbé sí i kí n tó sọ̀ ní Mówè. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ wà lójú ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, nítorí náà àkókò pọ̀ lọ́wọ́ mi. Síbẹ̀, n kò rí i kà. Kì í ṣe pé orin náà pọ̀ jù, n kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ìlù kan náà ni gbogbo wọn gùn, ìlù inú ẹ̀rọ tí ń ró gbùdùgbùdù nísàlẹ̀, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ South Africa fi dá orin amapiano sílẹ̀, tí ó sì ti gba ìgboro Èkó kan láti nǹkan bí ọdún 2020. Ohùn àwọn akọrin náà jọra wọn. Ohun tí wọ́n ń wí jọra wọn: owó, ìbàdí, ọ̀tá, owó.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín yóò sọ. Ẹ ó ní ọ̀gá ti ń darúgbó. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Síkírù Àyìndé Barrister gbé Fuji Garbage jáde ní ọdún 1988, ariwo lásán ni bàbá mi pè é. Àyìnlá Ọmọwúrà, tí wọ́n ti pa láti ọdún 1980, ni akọrin ìkẹyìn tí ó gbà pé Ọlọ́run dá. Èmi sì mọ Fuji Garbage lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà. Nítorí náà n kò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí di ẹjọ́ àgbà pẹ̀lú èwe. Ohun tí ojú mi rí ní Ìfọ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan ń gbé ní Ìbafò. Ó gboyè nínú èdè Yorùbá, kò rí iṣẹ́ tí ó nítumọ̀, ó sì ń kọrin. Ohùn rẹ̀ dára, n kò ní purọ́. Lẹ́yìn ọdún Kérésì, ó wá sí ilé mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ máa ń sọ fún wa ní kíláàsì pé ẹ ní bàbá kan ní Ìfọ̀ tí ń lu gángan. Ìlù gidi ni mo fẹ́ fi sí orin mi, kí ó lè dá yàtọ̀.” Ó ti ra bíìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ₦25,000, lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò rí rí. Òun náà mọ̀ pé ẹni náà ti ta bíìtì kan náà fún àwọn mìíràn, ó sì ṣeé ṣe kí ó máa tà á lọ. Ó ti kọ orin sórí rẹ̀ tán. Ègbè rẹ̀ ni “Igbá mi kún”. Ó dára, àbí? Ọ̀rọ̀ ọlá ni. Inú mi dùn pé ọmọ tí mo kọ́ rántí igbá.

Láti Mówè sí Ìfọ̀ kò jìnnà bí ẹyẹ bá ń fò, ṣùgbọ́n àwa wọ ọkọ̀ mẹ́ta, oòrùn sì ti ta wá kí a tó débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni bàbá tí à ń sọ, ọmọ Àyàn ni wọ́n, ẹni ọdún 78. Nígbà èwe rẹ̀ ó máa ń bá ọkọ̀ ojú irin lọ láti oríta Ìfọ̀ sí Ìlaròó, lórí ẹ̀ka ọ̀nà tí ó lọ parí sí Ìdógò, ìlú tí wọ́n bí Ebenezer Obey sí ní ọdún 1942. Ó bá àwọn ẹgbẹ́ àpàlà kéékèèké lù káàkiri agbègbè náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní báyìí, bí wọ́n bá pè é sí òde méjì lóṣù, ó ti ṣorí ire. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ bùbá tuntun dè wá. N kò tètè kíyè sí i pé ó ti ka ọ̀rọ̀ náà sí nǹkan ńlá.

Ó gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀kan nínú fóònù. Ó ní kí a tún un gbé sí i. Lẹ́yìn náà ó fi gángan há abíyá, ó mú kọ̀ǹgọ́, ó sì lu ohùn ègbè náà gẹ́lẹ́ bí ọmọ náà ti kọ ọ́. Ó dúró. Ó wo ojú àwa méjèèjì.

“Ìgbà ta ni ó kún níbí?”

Kò yé ọmọ náà. Ó ní, “Igbá ni, Bàbá. Igbá mi ni mo ní ó kún.”

“Ìwọ ni o ní igbá lọ́kàn. Orin rẹ kò ní igbá. Gbọ́.” Ó tún lù ú. “Ìgbà ni ìlù ń wí. Ọmọ tí kò tíì gbé ìyàwó, o wá ń fi ẹnu ara rẹ wí pé ìgbà rẹ kún?”

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè wa: igbá tí a fi ń bu omi, ohùn àárín ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ohùn òkè ni ó fi parí. Ìgbà tí í ṣe àkókò, ohùn ìsàlẹ̀ méjì ni. Bíìtì tí ọmọ yìí rà bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, ó sì dúró síbẹ̀ díẹ̀ kí ó tó gòkè, òun náà sì tẹ̀lé e. Bí ìgbà ènìyàn bá sì kún, ẹ mọ ohun tí ó kàn. A rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín ọmọ náà ni ó kọ́kọ́ tán.

Bàbá kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ́. Ó ní, “Bí mo bá lu ohun tí o ní lọ́kàn, yóò ta ko ohun tí o ń kọ. Bí mo bá lu ohun tí o ń kọ, èpè ni mo ń fi ìlù ṣẹ́ fún ọ. Kí ni kí gángan wí?”

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ẹ̀kọ́ ìró èdè, mo sì ti kọ pátákó kún pẹ̀lú ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. N kò gbọ́ àlàyé tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí já gaara tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tí mo rí ni pé nígbà tí a bá ń ráhùn pé orin òde òní kò ní àtinúdá, ìlù àjèjì ni a sábà máa ń dá lẹ́bi. A ní wọ́n ń wo South Africa kọ, wọ́n ń wo Amẹ́ríkà kọ, wọ́n ń gé orin àtijọ́ mọ́ tiwọn. Ẹ̀bi kò sí níbẹ̀. Ta ni kò yá nǹkan rí? Gòjé tí ó sọ orin sákárà Yusuf Olátúnjí di adùn-ún-gbọ́ ní Abẹ́òkúta, láti ilẹ̀ Haúsá ni a ti mú un. I. K. Dairo, tí ọba bìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní ọdún 1963, fa àkọ́díọ̀nù òyìnbó wọ inú jùjú. Sunny Adé lọ mú gìtá tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń kọ orin àwọn darandaran wọn, ó sì mú un sunkún ní èdè Yorùbá. Barrister fúnra rẹ̀ sọ pé láti ara àwòrán òkè ńlá kan ní ilẹ̀ Japan, tí òun rí ní pápákọ̀ òfurufú, ni òun ti mú orúkọ fújì, nígbà tí ó jẹ́ pé wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn Mùsùlùmí sí sààrì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ayálò ni gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí wọn dáadáa. Nínú gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣíwájú. Bí gbólóhùn bá gòkè, orin á gòkè. Bí ó bá wálẹ̀, orin á wálẹ̀. Gòjé, àkọ́díọ̀nù àti gìtá, gbogbo wọn kúnlẹ̀ fún ohùn èdè. Ìdí nìyẹn tí orin ẹni kan kì í fi í jọ ti ẹlòmíràn: gbólóhùn ẹni kan kì í jọ ti ẹlòmíràn. Hárúnà Ìṣọ̀lá ará Ìjẹ̀bú-Igbó kọ orin fún ẹgbẹ́ aláfẹ́ kan ní Òṣogbo ní ọdún 1971, Oroki Social Club, ó sì tà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ ẹnì kankan nínú ẹgbẹ́ náà. Kí ni wọ́n rà? Ọ̀nà tí ó gbà pe ènìyàn ni wọ́n rà. Bí a bá yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú orin náà, tí a kàn ń fi imú kùn ún, ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò ṣì fura sí ohun tí à ń wí.

Ní báyìí, bíìtì ni ó ń ṣíwájú. Ẹnì kan tí a kò mọ̀ ti pinnu ibi tí orin yóò ti gòkè àti ibi tí yóò ti wálẹ̀ kí akọrin tó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ wá dé kẹ́yìn, ó sì ní láti ká ara rẹ̀ kò bí ẹni tí ó bá wọn wọ ọkọ̀ tí ó ti kún. Akọrin ogún á kọ orin sórí bíìtì tí ó bá ara wọn tan. Ṣé ó yani lẹ́nu bí orin ogún bá di ẹyọ kan?

Àrùn yìí kì í ṣe tuntun, ẹnu ọ̀nà mìíràn ni ó gbà wọlé. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ orin ìsìn òyìnbó sí Yorùbá, ohùn orin ti wà nílẹ̀ láti Ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kàn ń to ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú rẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sínú ìjọ mọ irú ọ̀rọ̀ tí ó máa ń tibẹ̀ jáde. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, bàbá bàbá Fẹlá, wà lára àwọn tí ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí orin ìjọ máa tẹ̀lé ohùn ẹnu wa; ó sì gba irú orin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ sínú àwo ní London ní ọdún 1922. T. K. E. Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì l'Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ ìwé lé ọ̀rọ̀ orin Yorùbá ní ọdún 1953. Àwọn àgbà ti jà ìjà yìí, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ borí.

Èmi gan-an kò mọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ni mí, èmi sì ni wọ́n máa ń fún ní orin Amẹ́ríkà láti túmọ̀. Mo ka sílébù, ó pé, mo sì rò pé mo ti ṣiṣẹ́. Ẹni tí ń kọ́ nípa ohùn èdè ní ọ̀sán ni ó ń tẹ̀ ẹ́ lójú ní alẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìfọ̀. Bàbá ní kí ọmọ náà pa fóònù. Ó ní, “Sọ ọ́. Má kọ ọ́. Sọ ọ́ bí ìgbà tí ò ń ròyìn fún ìyá rẹ.” Ọmọ náà sọ ọ́. Ó ní kí ó tún un sọ, kí ó fi orúkọ ìyá rẹ̀ kún un. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni bàbá ń fi ìlù tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀, tí ó ń fà á níhìn-ín, tí ó ń dẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún. Nígbà tí ó tó ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọmọ náà kò mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Orin mìíràn ni. Igbá wà nínú rẹ̀. Ìyàwó bàbá yọjú láti ilé ìdáná, ó ní ta ni ó ni orin yẹn. Kò tó ìdajì wákàtí tí gbogbo rẹ̀ gbà. Mo gbà á sílẹ̀ sínú fóònù mi.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, ọmọ náà dákẹ́ títí tí a fi yà kúrò ní Ìfọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Sà, òótọ́ ni Bàbá sọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń jó ní London kò mọ igbá yàtọ̀ sí ìgbà. Àwọn ni owó wà lọ́wọ́ wọn.”

N kò rí èsì fún un. Ẹni tí ó bá gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pa owó wọlé fún akọrin ju ẹni tí ó gbọ́ ọ láti Nàìjíríà lọ dáadáa. Ọmọ náà kò ṣèṣírò gbè. Àṣàkẹ́ kún gbọ̀ngàn O2 ní London ní ọdún 2023, Yorùbá sì ni ó pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó jáde ní ọdún 2022, ní orin 12, gbogbo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 lọ. Ojú kan ṣoṣo àwo àpàlà máa ń tó ìlàjì èyí, láìdánudúró. Ẹ má ṣì mí gbọ́, mo fẹ́ràn Àṣàkẹ́. Ègbè rẹ̀ ń rántí ilé fújì, ó sì ní ibi tí ohùn èdè ti ń jọba nínú orin rẹ̀. Portable náà, tí ó ti agbègbè Ṣàngó-Ọ̀tà wa jáde pẹ̀lú Zazoo Zehh ní ìparí ọdún 2021, bí ó bá wù yín bí kò bá wù yín, ta ni yóò gbọ́ ọ tí yóò ṣì í pè ní ẹlòmíràn? Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni orin rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn ni ọgọ́rọ̀ àwọn tí ń to ọ̀rọ̀ sínú àpò ẹlòmíràn wà, ọ̀dọ̀ àwọn sì ni ọkọ̀ Ìbafò ti ń gbọ́ orin.

Ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà, nítorí ó fi ohun tí n kò rí tẹ́lẹ̀ hàn mí. Bí a bá ń kọ orin fún ẹni tí kò gbọ́ èdè, apá tí àwa nìkan lè gbọ́ ni a ó kọ́kọ́ gé sọnù. Òfin kò lè ràn wá lọ́wọ́. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ buwọ́ lù ní ọdún 2023 lè mú ẹni tí ó jí orin olórin. Kò sí òfin tí ó lè mú ẹni tí ó jọ gbogbo ayé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo bá a dé sítúdíò kan ní Ìbafò, yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n fi fóòmù bo ara rẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ògiri. Ọmọdé ni ẹni tí ń ṣe ẹ̀rọ náà, ó sì ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó gbọ́ orin Ìfọ̀ láti inú fóònù mi tán, ó mi orí, ó ní, “Ó dùn gan-an, sà. Ṣùgbọ́n kò wọlé.” Ohùn bàbá kò bá ohùn dùùrù inú bíìtì mu. Ó gbìyànjú, mo jẹ́rìí rẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ tí ń tún ohùn ṣe fa ohùn ọmọ náà bọ́ sórí àtẹ̀gùn dùùrù, ohùn náà sì dán bíi gíláàsì. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: bí a bá pe “ọ̀rẹ́”, ohùn wa kì í fò láti ìsàlẹ̀ sí òkè bí ẹni tí ó fo gọ́tà, ó ń yọ́ gùnkè ni. Ẹ̀rọ náà kò mọ yíyọ́. Fífò nìkan ni ó mọ̀. Gbogbo ibi tí ohùn ti yọ́ ni ó kà sí àṣìṣe, ó sì tún un ṣe. Gángan ní tirẹ̀, yíyọ́ ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà wọ́n yọ ọ́ kúrò lábẹ́ orin.

Orin náà ti jáde. Bíìtì tí ó rà ni ó lò, ègbè àkọ́kọ́ náà sì ni, àfi pé ó fi “àpò” rọ́pò “igbá”, ohùn bíìtì sì bá àpò náà mu. Ìlù bàbá wà níbẹ̀rẹ̀ orin, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 4, kí ìlù ẹ̀rọ tó bò ó. Ọmọ náà fi ₦15,000 ránṣẹ́ sí bàbá, ó sì lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. N kò lè bínú sí i. Mo gbọ́ orin náà nínú ọkọ̀ kan ní Mówè lóṣù tí ó kọjá. Ìṣẹ́jú àáyá 4 yẹn nìkan ni mo fi dá a mọ̀ láàrin àwọn tí ó ṣíwájú rẹ̀ àti àwọn tí ó tẹ̀lé e.

Èyí tí mo gbà sílẹ̀ ní Ìfọ̀ ṣì wà nínú fóònù mi, pẹ̀lú ohùn adìẹ àti ohùn ìyàwó bàbá tí ń béèrè ẹni tí ó ni orin. Mo máa ń gbé e sí i fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bí a bá dé orí ẹ̀kọ́ ohùn. Bàbá rò pé èyí ni ó jáde. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ó ń pè mí, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, láti béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n yóò gbé e sí i lórí rédíò Abẹ́òkúta. Mo ní, “Ó ń bọ̀, Bàbá.”